Aṣọ Tí O Kò Bò, Má Ṣí I

Bí ẹ bá ń wá ìjà ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ fún un pé búrẹ́dì kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Yóò kọ́kọ́ wò yín láti òkè délẹ̀, bí ẹni ń wo aṣọ tí eku jẹ. Lẹ́yìn náà yóò fa àga, yóò jókòó, ó di kí ilẹ̀ ṣú bá yín níbẹ̀. Èmi àbúrò rẹ̀ kì í dán an wò. Aránṣọ ni mí. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú ni mo ti kó ẹ̀rọ ìránṣọ mi wá sí ilé rẹ̀, pálọ̀ kan náà la sì jọ ń lò: ẹ̀rọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tábìlì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe.

Ilé búrẹ́dì ni ẹ̀gbọ́n mi ti lo ayé rẹ̀. Ó wọ ibẹ̀ ní ọ̀dọ́bìnrin tí ń gbálẹ̀, ó di ẹni tí ń po ìyẹ̀fun, ó di ẹni tí ń dúró ti ààrò, nígbà tó sì yá ó di ọ̀gá pátápátá. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kì í pe orúkọ rẹ̀. Onímú ni wọ́n ń pè é. Kì í wo aago, kì í sì í ṣí ilẹ̀kùn ààrò wò léraléra bí àwọn tí ọkàn wọn ò balẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Imú ló fi ń mọ̀. Ó lè máa bá oníbàárà sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí ó ṣàdédé gbé orí sókè, kí ó ní, "Ẹ yọ tòsì." Wọn á yọ búrẹ́dì inú ààrò tó wà lápá òsì, á sì ti jiná bó ṣe yẹ kó jiná. Mo ti rí i tó ṣe é lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, níbi tó ti ń bá èmi gan-an jà. Ó dá ìjà dúró, ó ní kí wọ́n yọ búrẹ́dì, ó sì padà sínú ìjà láti ibi tó bá a dé. Kò gbàgbé gbólóhùn kan.

Òfin kan wà nínú ilé búrẹ́dì yẹn tó ju gbogbo òfin lọ. Bí ẹnìkan bá po ìyẹ̀fun tán, yóò fi aṣọ bò ó kí ó lè wú. Kálukú ló ní aṣọ tirẹ̀, òun náà ló fi ń bo tábìlì rẹ̀ bí iṣẹ́ bá tán, èmi ni mo sì rán gbogbo wọn. Ti ẹnìkan jẹ́ aláwọ̀ ewé, ti ẹnìkan ní ìlà pupa, ti ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ aláwọ̀ aró tí mo fi òwú funfun ká etí rẹ̀. Aṣọ tí o kò bò, má ṣí i. Òfin náà nìyẹn. Ìbáà jẹ́ pé o rò pé ẹni tó bò ó ti gbàgbé rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé o ń wá ibi tí wàá ti ṣiṣẹ́, kò kàn ọ́. Ohun tó bá wà lábẹ́ aṣọ, ẹnìkan ṣì ń padà bọ̀ wá bá a. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n mi lé ọkùnrin kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé ó fi ìka kan gbé igun aṣọ ẹlòmíràn wò. Mo bi í bóyá òótọ́ ni. Ó ní irọ́ ni wọ́n ń pa, pé ìka méjì ni.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn kan dé, ó jọ ọ̀fìnkìn lásán. Ibà mú un, ibà lọ, ikọ́ náà lọ, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ ò gbọ́ òórùn mọ́. A kọ́kọ́ rò pé ó dí ni. Ó fi orí sórí omi gbígbóná, ó fín oríṣiríṣi nǹkan símú. Dókítà wò ó, ó ní ó lè padà, ó sì lè má padà. Mo bínú sí dókítà yẹn, nítorí bí mo bá sọ fún oníbàárà pé ẹ̀wù rẹ̀ lè jáde, ó sì lè má jáde, ta ni yóò sanwó fún mi?

Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ náà, ààrò kún, ó dúró tì í bó ṣe máa ń dúró. Èéfín ti bo òrùlé kó tó mọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń sáré, wọ́n ń fi ọwọ́ bo imú, òun nìkan dúró láàárín wọn, ó ń bi wọ́n pé kí ló dé. Ojú ló fi rí i pé búrẹ́dì ti di èédú. Ọmọ mi obìnrin, tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́ níṣẹ́ fúnra rẹ̀, ló sọ èyí fún mi, ó sì ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Bọ́tà la ń pè é, torí olè bọ́tà tó ń jà nígbà tó wà ní kékeré. Ọjọ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi tú aṣọ iṣẹ́ kúrò lára, tó fi ààrò lé Bọ́tà lọ́wọ́, tó sì bọ̀ wálé ní ọwọ́ òfo. Mo béèrè aṣọ aláwọ̀ aró rẹ̀ pé kí n bá a fọ̀ ọ́. Ó ní ó wà níbẹ̀.

"Onímú ti kú," ló wí. "Kí ẹnikẹ́ni má pè é mọ́."

Láti ìgbà náà kò débẹ̀ mọ́. Oúnjẹ di páálí lẹ́nu rẹ̀. Mo máa ń rán aṣọ, màá gbójú sókè, màá rí i níbi tó jókòó sí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí itan bí ọwọ́ àlejò. Bọ́tà a máa wá kí wa. Kò ní ráhùn níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, á ní búrẹ́dì ń jóná mọ́ wọn lọ́wọ́, pé ibi iṣẹ́ sì há, wọ́n ń forí gbárí. Mo ní kí wọ́n ra tábìlì sí i. Ó kàn wo ẹ̀gbẹ́ kan. Èmi kì í wọ ilé búrẹ́dì, ìyẹ̀fun máa ń mú mi sín, torí náà mi ò mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Bọ́tà ló gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká kan wá fún un, pé kó máa fi wo fíìmù. Kò wo fíìmù kankan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni mo gbọ́ tó pariwo, tí abẹ́rẹ́ sì gún mi níka.

"Pọ́n!" ló ń wí. "Wọ́n ní búrẹ́dì ti jiná tó bá ti pọ́n! Ṣé ẹni tó kọ eléyìí ti rí ààrò rí?"

Ohun tó rí ni àyọkà kan nípa yíyan búrẹ́dì, nínú ìwé ìmọ̀ orí ẹ̀rọ ayélujára tí gbogbo ayé jọ ń kọ. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ ti kà á rí, ẹ sì ti fi jiyàn. Èyí tó wà ní èdè wa lórí ọ̀rọ̀ búrẹ́dì kúrú bí ìrù ehoro, ibi tó kúrú dé náà sì ní àṣìṣe. Mo ka òkè rẹ̀ fún un, níbi tí wọ́n kọ "Ṣàtúnṣe" sí.

"Wọ́n ní ẹni tó bá rí àṣìṣe kó tún un ṣe."

"Ta ni?"

"Ẹnikẹ́ni."

"Ìyẹn ni pé wọn ò ní ọ̀gá níbẹ̀?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ibi tí kò bá ti lọ́gàá," ló wí, ó sì fa àga súnmọ́ tábìlì, "èmi lọ̀gá ibẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn yẹn kẹ́yìn. Wọ́n ní kó yan orúkọ tí yóò máa jẹ́ níbẹ̀, ó sì fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀: Onímú. Mo tẹ orí ba mọ́ ẹ̀wù tí mo ń rán.

Báyìí ni ohun tó kọ ṣe bẹ̀rẹ̀: "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ iṣẹ́ búrẹ́dì. Ẹ kọ́kọ́ fọ ọwọ́ yín." Lẹ́yìn ìyẹn ló yọ gbólóhùn tó ní búrẹ́dì jiná tó bá pọ́n dànù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ òórùn. Ó ní òórùn mẹ́rin ló ń jáde nínú ààrò, wọ́n sì ní orúkọ láàárín àwọn oníṣẹ́. Èkíní ni òjò, torí ó dà bí ìgbà tí òjò kọ́kọ́ bọ́ sórí sìmẹ́ǹtì gbígbóná. Ibẹ̀ ló dúró sí. Ó tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè hàn sí gbogbo ayé, ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó sì mú àjákù aṣọ kan nínú agbọ̀n mi, ó fi bò ó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Ó ń sinmi."

"Kọ̀ǹpútà?"

"Ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ni. Ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò, wọn kì í fi ọwọ́ dà á láàmú. Tó bá wú, màá padà sí i."

Nígbà tó padà sí i ní ọjọ́ kejì, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ìkíni ti lọ, òjò ti lọ. Ẹnìkan tí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ ń jẹ́ Abẹ́rẹ́ ló yọ gbogbo rẹ̀, ó sì kọ ìdí sílẹ̀ ṣókí: "Kò parí. Kò ní ìtọ́kasí. Ìwé ìmọ̀ kì í kí ènìyàn."

Ẹ̀gbọ́n mi dìde dúró.

"Ó ṣí aṣọ mi," ló wí. "Ó ṣí aṣọ tí kò bò!"

Ojú ewé kan wà lẹ́yìn àyọkà kọ̀ọ̀kan tí àwọn tó ń kọ ọ́ ti máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi gbà lọ. Ó kọ ọ́ pé: "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló tọ́ ọ dàgbà? Bí wọ́n ṣe ń ba iṣẹ́ àgbà jẹ́ nílé yín nìyẹn?" Ó kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n n kò ní tún un sọ níhìn-ín.

Kò pẹ́ tí èsì fi dé. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mí. Ilé ìtẹ̀wé ni mo ti fẹ̀yìn tì, àṣìṣe ni mo ń ṣà nínú ìwé níbẹ̀. Àwọn tó tọ́ mi dàgbà ti kú, wọn ì bá dá yín lóhùn."

Ẹ̀gbọ́n mi ti fi orúnkún kan kanlẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà kó tó rántí pé kò sẹ́ni níbẹ̀. Ó fi ọdún púpọ̀ kéré sí ẹni náà! Mo yí ojú sí fèrèsé kó má baà rí ẹ̀rín mi. Ó tọrọ àforíjì bó ṣe yẹ, ó ń lo "ẹ" fún un láti òkè dé ilẹ̀. Títí dòní a ò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni Abẹ́rẹ́ tàbí obìnrin. Àgbà ṣáà ni.

Àgbà náà sì ṣàlàyé. Ó ní ìtọ́kasí ni orúkọ ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ jáde, tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ó ní òun ò sọ pé irọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ń pa. "Ṣùgbọ́n ẹnìkan kọ ọ́ síbí rí pé búrẹ́dì gbígbóná ń wo ojú tó ń dun ni sàn, kí ènìyàn gbé e lé ojú. Mo béèrè ibi tó ti rí i. Ó ní ìyá òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá gba ti yín láìsí ìwé, kí ni n ó sọ fún òun?"

Ẹ̀gbọ́n mi ka èyí ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ó wá kọ ẹ̀yìn sí kọ̀ǹpútà.

"Òótọ́ ló sọ," ló wí. Bí òótọ́ náà ṣe dùn ún tó, mo rí i lójú rẹ̀.

Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀. Mo ní kí ló kàn án nínú ọ̀rọ̀ wọn, ṣebí àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe é.

"Mò ń gbàgbé ẹ̀ ni," ló wí.

"Ẹ̀ ń gbàgbé kí ni?"

"Òórùn wọn. Tẹ́lẹ̀, bí mi ò tilẹ̀ gbọ́ ọ mọ́, tí mo bá di ojú, màá rántí. Ó ń jò lọ. Òjò ṣì wà. Ẹ̀pà, ìkẹta, ṣì wà. Láti ìjẹta ni mo ti ń wá ìkejì, mi ò rí i. Orúkọ ẹ̀ nìkan ló kù lọ́wọ́ mi."

Áyọ́ọ̀nù ni orúkọ ìkejì, torí ó jọ òórùn aṣọ tí áyọ́ọ̀nù ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Mo dìde, mo ti áyọ́ọ̀nù bọ iná. Mo wọ́n omi sórí aṣọ òwú kan, mo lọ̀ ọ́, mo gbé e sábẹ́ imú rẹ̀ bí ẹni ń gbé ọmọ fún ènìyàn. Ó mí sínú, ó mí títí èjìká rẹ̀ fi gòkè. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó wá ní kí èmi sọ fún òun bó ṣe ń rùn.

Ẹ wò ó, láti kékeré ni mo ti ń lọ aṣọ. Mo ní, "Ó ń rùn bí... bí aṣọ tí wọ́n lọ̀." Ó ní kí n tún un sọ. Mo ní ó gbóná, ó mọ́, ó fẹ́ jọ wàrà tó ń hó. Mo wá gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi, n kò rí èyí tó tó. Inú bí mi sí ara mi. Nígbà náà ni ó yé mi pé iṣẹ́ tó le ni obìnrin yìí ń fi ìka kan ṣoṣo ṣe lórí kọ̀ǹpútà, àwa méjèèjì sì sunkún lórí aṣọ tí ó ti tutù.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Abẹ́rẹ́. Ó sọ ti imú, ó sọ ti èéfín, ó sọ ti aṣọ tí wọn kì í ṣí. Èsì àgbà náà pẹ́ díẹ̀ kó tó dé lọ́tẹ̀ yìí.

"N kò lè yí òfin padà nítorí yín," ló kọ, "ṣùgbọ́n a ní aṣọ tiwa náà. Bí ẹnìkan bá ń ṣiṣẹ́ lórí nǹkan tí kò tíì parí, a máa ń lẹ ìkìlọ̀ kan mọ́ orí rẹ̀ pé kí ẹlòmíràn má fọwọ́ kàn án. Mo ti lẹ̀ ẹ́. Ẹ kọ ọ́ tán bí ẹ ṣe fẹ́. Bí ẹ bá parí, tí kò sì sí ìwé tó tì í lẹ́yìn, èmi fúnra mi ni n ó yọ ọ́. N kò ní fi ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti yọ."

"Ó gbà bẹ́ẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi, bí ẹni tó ná ọjà tí wọ́n sì tà fún un. "A ti ṣàdéhùn."

Láràárọ̀ ló ń kọ. Yóò kọ díẹ̀, yóò fi aṣọ bò ó, yóò dìde lọ gbálẹ̀, yóò padà. Ó kọ òjò, ó kọ áyọ́ọ̀nù, ó sì fi ohun tí mo sọ nípa wàrà tó ń hó sí i, ó ní kí n má gbéra ga. Ó kọ ẹ̀pà, tó dà bí ìgbà tí wọ́n ń yan ẹ̀pà nílé kejì tí ilẹ̀kùn tiyín sì wà ní títì. Ó kọ ìkẹrin tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ sáré, torí pé bí o bá ti gbọ́ ọ, sáré ni, ṣúgà ara búrẹ́dì ti ń jóná. Ó ní láàárín ẹ̀pà àti sáré ni kí ènìyàn yọ búrẹ́dì. Kò kí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, àyàfi pé ó tún ní kí wọ́n fọ ọwọ́. Nígbà tó parí, ó kà á sí mi létí láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fi ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀ gbọ́ ọ. Ó dùn, bẹ́ẹ̀ mi ò fẹ́ràn ilé búrẹ́dì rárá.

Abẹ́rẹ́ wá ìwé. Ó wá a tọkàntọkàn, ó tilẹ̀ lọ sí ilé ìkàwé tó wà lọ́dọ̀ tirẹ̀, ẹsẹ̀ ló sì fi rìn lọ. Ìwé iṣẹ́ ọwọ́ àtijọ́ kan ló rí, gbólóhùn kan ṣoṣo ló sì wúlò nínú rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi ṣí kọ̀ǹpútà, gbogbo ohun tó kọ ti kúrò. Ohun tó kù níbẹ̀ ni èyí: "Òórùn búrẹ́dì máa ń yí padà bó ṣe ń jiná, àwọn oníṣẹ́ búrẹ́dì kan sì máa ń fi í mọ ìgbà tó yẹ láti yọ ọ́." Orúkọ ìwé náà wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ sì kọ sí i lẹ́yìn àyọkà pé: "Mo ti ṣe bí mo ṣe ṣèlérí. Ó dùn mí. Ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ Ìtàn sí lókè, ẹ ó rí gbogbo ọ̀rọ̀ yín níbẹ̀ bí ẹ ṣe kọ ọ́. Ohun tí a bá yọ níhìn-ín kì í sọnù."

Ẹ̀gbọ́n mi fi ìka tẹ̀ lé gbólóhùn yẹn lójú kọ̀ǹpútà.

"Gbogbo ayé mi," ló wí. "Ẹ wò ó. Kò kún ìlà méjì."

"Gbólóhùn ńlá ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Má pọ́n mi lé."

Ó pa kọ̀ǹpútà dé. Kò fi aṣọ bò ó. Mo rí ìyẹn, mo sì mọ̀ pé kò ní padà sí i. Ọwọ́ rẹ̀ ti padà sórí itan.

Kò tíì kúrò níbẹ̀ tí Bọ́tà fi já wọlé, ìyẹ̀fun lápá, láìkan ilẹ̀kùn.

"Ẹ káàárọ̀ mà, Màmá Àgbà. Ta ló yọ ọ́?"

"Yọ kí ni?"

"Òjò! Áyọ́ọ̀nù! Ó wà níbẹ̀ lánàá!" Ó na fóònù rẹ̀ síwájú wa, gbogbo ojú fóònù náà ti funfun fún ìka oníyẹ̀fun. "Ẹnu ààrò ni mo ti ń kà á. Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ ni mo ti ń kà á fáwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́. Kò jóná mọ́ wa lọ́wọ́ mọ́. Mo wò ó láàárọ̀ yìí, mo bá ìlà kan ṣoṣo tó jókòó síbẹ̀ bí ọmọ òrukàn."

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Ó gba fóònù náà. Ó fi han ọmọ náà ibi tí wọ́n ń pè ní Ìtàn, bí gbogbo rẹ̀ ṣe wà níbẹ̀ láìyingin. Bọ́tà mí kanlẹ̀. Ó wá dojú kọ ọ́.

"Ṣùgbọ́n ó ku ẹyọ kan tẹ́ ò kọ."

"Mẹ́rin náà ni."

"Rárá o, Màmá Àgbà. Láàárín ẹ̀pà àti sáré, ohun kan máa ń kọjá. Ó máa ń yára. Mi ò mọ orúkọ ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi di ojú. Ó pẹ́ tó fi dì í. Nígbà tó ṣí i, ẹ̀rù ló wà níbẹ̀.

"Ó wà," ló wí. "Òun ni mo fi ń sọ pé kí wọ́n yọ ọ́. Mi ò fún un lórúkọ rí torí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mò ń gbọ́ ọ. Mo ti gbàgbé pé ó wà rárá." Ó di ọwọ́ ọmọ náà mú. "Sọ fún mi bó ṣe rí."

"Mi ò lè sọ ọ́ níbí. Ẹ wá."

"Kí ni màá wá ṣe níbẹ̀? Ẹni tí kò gbọ́ òórùn, nílé búrẹ́dì?"

"Èmi ń gbọ́ ọ, mi ò mọ ohun tó ń sọ. Ẹ̀yin mọ ohun tó ń sọ, ẹ ò gbọ́ ọ. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ẹ dìde, mo fi nǹkan sínú ààrò wá."

Bó ṣe gbọ́ pé nǹkan wà nínú ààrò ló dìde. Kò wọ bàtà tó dáa. Mo tẹ̀ lé wọn, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé màá sín títí.

Àwọn òṣìṣẹ́ rí i tó wọlé. Àwọn kan kúnlẹ̀, àwọn kan kàn dúró pẹ̀lú páànù lọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ wọn lọ, ṣé wọn ò rí ènìyàn rí ni. Bọ́tà dúró ti ààrò apá òsì, ó gbé imú sókè gẹ́lẹ́ bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe máa ń gbé e. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí èjìká ọmọ náà.

"Áyọ́ọ̀nù ti ń tán," ni Bọ́tà wí. A dúró. Mo sín. "Ẹ̀pà." A tún dúró, kò sẹ́ni tó mira. "Òun nìyí! Màmá Àgbà, òun nìyí. Ó dà bí... ó dà bí orí ọmọ ìkókó tí wọ́n wẹ̀, tí wọ́n wá gbé jókòó sínú oòrùn àárọ̀."

Mo rí i tí nǹkan là lójú ẹ̀gbọ́n mi. Kò gbọ́ òórùn náà, n kò ní pa irọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ó rántí rẹ̀.

"Ẹ yọ tòsì," ló wí.

Wọ́n yọ ọ́. Ó ti jiná bó ṣe yẹ kó jiná. Àwọn òṣìṣẹ́ hó yè, ẹnìkan sì pariwo "Onímú!" kó tó rántí pé wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ yẹn mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ò bá a wí. Ó ti ń wo ibòmíràn.

Bọ́tà ò purọ́, ibẹ̀ há lóòótọ́. Wọ́n fún ara wọn mọ́ tábìlì bíi mélòó kan, ìgúnpá ẹnìkan nínú ìyẹ̀fun ẹnìkejì. Ṣùgbọ́n tábìlì ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí ẹnikẹ́ni ò lò. Aṣọ kan ló bò ó, ìyẹ̀fun sì ti kún orí aṣọ náà débi tí n kò kọ́kọ́ mọ àwọ̀ rẹ̀. Etí rẹ̀ ni mo fi dá a mọ̀, òwú funfun tí mo fi ọwọ́ ara mi ká.

"Láti ọdún tó kọjá?" ni ẹ̀gbọ́n mi béèrè. Ohùn rẹ̀ kéré. "Ẹ wá há ara yín mọ́ ibi kan báyìí?"

"Ẹ̀yin lẹ bò ó," ni Bọ́tà dáhùn. Ó ń to búrẹ́dì jáde látinú páànù, kò tilẹ̀ yíjú padà. "Ta ló fẹ́ ṣí i?"

Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó lọ bá tábìlì náà, ó di igun aṣọ méjèèjì mú, ó ká a díẹ̀díẹ̀ kí ìyẹ̀fun orí rẹ̀ má baà dà sílẹ̀, ó sì gbé e fún mi pé kí n lọ fọ̀ ọ́.